Ẹ̀rín Tó Fẹ́ Jáde Lẹ́nu Renda

Ìtàn yìí dùn mọ́ mi nínú débi pé bí mo bá ti ń sọ ọ́, orin á ti gba ẹnu mi. Bí ẹ bá rí i pé mo já síbi orin kan láàárín ọ̀rọ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ ọ́ tán, n óò padà. Èmi ni Ozella. Orí òkè wa níbí, ní Alabama, ni wọ́n bí mi sí, oko òwú ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ tó yẹ kí n fi lọ sílé ìwé. Ìwé tí mo mọ̀ dunjú kò ju ìwé orin wa lọ. Ìyẹn rọrùn, nítorí àwòrán ni wọ́n fi kọ ohùn inú rẹ̀: fáà ní igun mẹ́ta, sóò rí róbótó, láà ní igun mẹ́rin bí àpótí, míì náà dà bí àpótí, àmọ́ igun kan ṣoṣo ló fi dúró. Ẹni tí lẹ́tà lé kúrò nílé ìwé, àwòrán á gbà á lálejò.

Renda, ọmọ Hoyt àbúrò mi ọkùnrin, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ni ìṣòro rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bí i. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá dúró lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ẹnu wọn á gbẹ. Ti Renda, ẹ̀rín ni yóò ti inú rẹ̀ ru sókè bí omi inú ìkòkò, yóò sì ṣí ọmọrí dànù. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí tíṣà bá pè é síwájú kó wá kàwé, ẹ̀rín. Níbi ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí pásítọ̀ ní kó máa tún ẹ̀jẹ́ sọ tẹ̀lé òun, ẹ̀rín náà ni, títí pásítọ̀ fi pa ìwé dé tó dúró dè é. A kì í bínú sí i nígbà náà. A ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ọjọ́ tí a sin Hoyt ni ọ̀rọ̀ yí padà. Hoyt ló ń fún wa ní ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A kì í lo dùùrù. Ẹnì kan ni yóò wo orin náà lójú ìwé, yóò gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀, yóò sì gbé fáà kalẹ̀ fún gbogbo ilé kí a tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí irun Hoyt ti dúdú kirikiri ló ti ń ṣe é, kò gbé e ga jù rí, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ló kú, òtútù sì ti mú kí ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibojì gan bí òkúta. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀. Talmadge tó jẹ́ àgbà sọ tirẹ̀, ó ṣe ṣókí, ó dára. Renda bọ́ síwájú, ó la ẹnu, ó ní, "Bàbá mi," ẹ̀rín sì dé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba àárín ìka yọ. Bó ti ń dì í mú tó ló ń le sí i. Omijé ń dà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, ọkọ rẹ̀ ló fà á lọ sínú ọkọ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀ lójú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kò sẹ́ni tó rántí òwe.

Talmadge kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Talmadge jẹ́. Adìyẹ ló ń sìn, béèsì, ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ló ń kọ nínú orin, ẹ̀rín rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n bíi yìnyín nínú oṣù Keje. Ọkùnrin dáadáa ni, ó ń bá mi la igi ìdáná láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá wọ inú rẹ̀, kì í jáde bọ̀rọ̀. Ohun tó wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé àbúrò òun fi bàbá òun ṣe ẹlẹ́yà.

Wàyí o, lọ́dọọdún, bí oṣù Karùn-ún bá ti wọ̀, a máa ń fi odidi Sọ́ńdè kan kọrin láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí a tó jáde lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ẹnì kan á dúró láàárín láti rántí àwọn tó kú lọ́dún náà. Yóò sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò pe orúkọ wọn, yóò sì darí orin kan fún wọn. Bí a ṣe ń jókòó ló mú un ṣòro. Tẹ́nọ̀, tó ń gbé orin gan-an lọ́dọ̀ wa, wà níwájú, áátò wà lẹ́yìn, tírẹ́bù lápá kan, béèsì lápá kejì, gbogbo wa kọjú sí àárín. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ kò ní ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí. Bó yí síhìn-ín, ojú. Bó yí sọ́hùn-ún, ojú.

Kò sẹ́ni tí ì bá fi iṣẹ́ náà lọ Renda lọ́dún yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Verlon, obìnrin tó ń ṣètò ọjọ́ orin, ó ní òun fẹ́ ẹ. Verlon wò ó títí, ó bi í bóyá ó dá a lójú. Renda rẹ́rìn-ín, ó ní ó dá òun lójú.

Talmadge gbọ́. Ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀, kò jókòó.

Ó ní, "Àǹtí Zella, ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni bàbá bí. Ìwọ náà ní ẹnu, lọ sọ fún un."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bó bá rẹ́rìn-ín lórí orúkọ Dádì lẹ́ẹ̀kan sí i, màá dìde lórí bẹ́ǹṣì béèsì, màá sì jáde. Mi ò ní bá wọn kọrin níbẹ̀ mọ́. Òun náà ò sì ní rí ẹsẹ̀ mi nílé rẹ̀ títí wọn ó fi sin ọ̀kan nínú wa."

Mo mọ̀ pé yóò ṣe é. Nígbà tí mo jíṣẹ́ náà fún Renda, ó ń bá mi ṣẹ́ ẹ̀wà tútù ní kíṣìnì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní òun ti mọ̀, ìdí gan-an tí òun fi fẹ́ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀rín yẹn ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí Dádì láti ẹnu mi, Àǹtí. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ tèmi."

Èmi sì ní, ó dáa, kí á ṣiṣẹ́. Mo gbé orin kan tí ìyá wa fi ń gun òkè láti odò, òun náà ló sì gùn mí lórí títí ọjọ́ orin fi pé:

Òkè ga o, mo ní ẹsẹ̀,
Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ní ọ̀pá,
Ọ̀pá ṣẹ́ o, mo ní ohùn,
Ohùn á gbé mi dókè.

Gbogbo èèyàn ló ní oògùn tirẹ̀. Verlon ní kó ge inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ. Renda ge é jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi òkúta kékeré sínú bàtà. Ó tiro kiri, ìyẹn náà pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n jọ ń gé adìyẹ ní ilé iṣẹ́ ní kó máa ro ohun ìbànújẹ́. Ìyẹn ló burú jù. Ohun ìbànújẹ́ ni igi ìdáná ẹ̀rín yẹn! Bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo tó ni ẹ̀rín ń ru tó.

Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni nǹkan kan ta sí mi lọ́kàn, èmi tí mo ti ń wò ó láti kékeré.

Mo ní, "Renda, o ti ń darí orin láàárín wa láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ń gbé ọ dúró lórí àga. Ǹjẹ́ o rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rí?"

Ó ronú. Ó ní rárá.

"Ojú kan náà ló ń wò ọ́. Kí ló dé?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń darí orin lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò yára jù, kò falẹ̀ jù. Bí ọwọ́ bá lọ sókè, gbogbo ilé á fa èémí. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, orin á bọ́ lẹ́nu wa. Ẹnu kò ráyè ṣe ohun tó wù ú, nítorí ọwọ́ ni ọ̀gá. Ohun kejì sì ni pé a kì í sáré bá ọ̀rọ̀ orin. Ohùn la máa ń kọ́kọ́ kọ, fáà, sóò, láà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnu mọ ọ̀nà. Ìgbà tó bá mọ ọ̀nà tán la ó wá gbé ọ̀rọ̀ lé e lórí. Mo ní kí á ṣe ọ̀rọ̀ ìrántí náà bẹ́ẹ̀.

Èèyàn tó bá wọ kíṣìnì mi lọ́jọ́ wọ̀nyẹn yóò rò pé orí wa ti dàrú. Renda dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń sọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn òkú láìsí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, láà láà láà, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Nígbà tí ìyẹn já gaara, a fi ọ̀rọ̀ sí i. Bó bá débi orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀rín á dé. Mo ní kó má bá a jà. Mo ní bí o bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, yóò gba fèrèsé. Gbé ọwọ́ sókè kí o fa èémí. Sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o jẹ́ kó gba imú jáde bí afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ̀rọ̀.

Bó bá rẹ́rìn-ín, n óò ní, "Láti ìbẹ̀rẹ̀." Yóò nu ojú, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Kò bínú, kò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wú nítorí ọ̀bẹ àti omi tútù, yóò sì gbé ọwọ́ yẹn kan náà sókè. Nígbà mìíràn èmi gan-an ló máa ń rẹ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, mo ń jókòó kiri lórí bẹ́ǹṣì tẹ́nọ̀, bẹ́ǹṣì áátò, kí ojú lè ti ibi gbogbo wò ó. Mo di ogunlọ́gọ̀, èmi nìkan. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó sọ ọ́ já lẹ́ẹ̀kan láìsí ẹ̀rín. Mo fẹ́ pariwo. Ó ní, "Ẹ jókòó, Àǹtí. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú, fèrèsé wà ní ṣíṣí, àwọn èèyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ pákó fẹ́ra, wọ́n sì ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì gígùn abẹ́ igi, adìyẹ díndín, búrẹ́dì àgbàdo, ẹ̀wà, àkàrà písì tí wọ́n fi èso dídùn sí nínú, tí aṣọ funfun bò nítorí eṣinṣin. Ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Orbie, tó gba ipò Hoyt, ló ń fún wa ní ohùn, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tírẹ́bù ń han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan sí i. Gbogbo wa ń wo ibi tí Hoyt máa ń jókòó.

Ọ̀sán súnmọ́, Verlon pe Renda. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn. Ó rìn dé àárín, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Mo wo Talmadge. Iwájú pátápátá lórí bẹ́ǹṣì béèsì ló jókòó sí. Fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fìlà. Ẹni tó bá fẹ́ dìde ló ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Renda bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní kíyè sí i. Ó ní àwọn tí a fẹ́ rántí kò lọ jìnnà, nítorí a ṣì ń gbọ́ ibi tí ohùn wọn ti dín. Ó ní bí èèyàn bá kú nínú áátò, áátò ló mọ̀. Bí èèyàn bá kú nínú tẹ́nọ̀, gbogbo ilé ló mọ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ síyẹn, òun kò bá wọn rín in. Ó pe Effie, ó ní obìnrin yẹn kọrin pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gé èkejì. Ó pe Carlisle tó máa ń sùn nígbà àdúrà tó sì máa ń jí nígbà orin. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. Orin ń hó nínú mi, mo fi eyín tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó wá kan Hoyt.

Mo rí i nígbà tó dé. Mo mọ èjìká yẹn. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete. Talmadge di fìlà rẹ̀ mú.

Renda pa ẹnu dé. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, gbogbo rẹ̀, ó ga bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ darí orin ńlá. Nítorí ara rẹ̀ ló ṣe gbé e. Èmi àti òun nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn orí òkè yìí, láti orí itan ìyá wa la ti ń rí ọwọ́ tó gòkè, àyà wa kì í béèrè ìdí. Gbogbo ilé fa èémí. Mo gbọ́ ọ bí afẹ́fẹ́ nínú oko àgbàdo. Èmi náà fà á.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rín gba imú jáde.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìsàlẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì béèsì, "Fáà!"

Talmadge ni. Òun nìkan. Ó là á mọ́lẹ̀ bí ààrá, bí ẹni tó ń kó gbogbo ìjọ wọlé, kò sì sí orin kankan níbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Ohùn náà gun àjà, ó pẹ́ kó tó kú.

Ojú Talmadge pọ́n bí ata. Ó wò yí ká bí ẹni tó bọ́ sódò lójú oorun. Ẹnu rẹ̀ ṣí láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ló sì bọ́ síta. Ẹ̀rín kékeré kan tí kò bá ara rẹ̀ mu. Ó fi fìlà bo ẹnu, ẹ̀rín gba etí fìlà yọ, èjìká ńlá yẹn ń mì, omijé ń yọ lójú rẹ̀. Talmadge o! Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn béèsì tó yí i ká ń wo bàtà wọn. Mo ti fi aṣọ ìnujú dí ẹnu tèmi, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, ó parí, bí ẹni tó wúwo tó yẹn bá ṣubú, kí ni Renda yóò fi dúró?

Renda dúró. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò yára. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe fún un ohun tí adarí tó dára máa ń ṣe fún ẹni tó ṣìnà wọlé: ó mi orí sí i, ó sì tún gbé ọwọ́ sókè, ó dúró dè é. Talmadge fa èémí. Ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó mí jáde. Renda tún gbé e, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fìlà kúrò lẹ́nu Talmadge.

Renda wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ga, gbogbo ilé ló gbọ́.

"Bọ̀dá mi ò ṣì í. Fáà tí Dádì ì bá fún wa nìyẹn." Ó yíjú sí gbogbo wa. "Hoyt ni orúkọ rẹ̀. Kò fún wa ní ohùn tó ju agbára wa lọ rí. Bí ohùn wa bá tinrín, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ibi tí a wà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe tọ́ àwa ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ọjọ́ tí a sin ín, mi ò lè sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí."

Ó pe orin rẹ̀. Orin ìyá wa ni. Orbie nawọ́, ó fẹ́ fún wa ní ohùn, Renda ní kó jókòó, ó ní ohùn ti wà nílẹ̀. Fáà Talmadge la fi kọ ọ́. A kọ́kọ́ kọ ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a wá gbé ọ̀rọ̀ lé e. Kò ga jù, kò sílẹ̀ jù. Nígbà tí a dé "ọ̀pá ṣẹ́ o," béèsì wọlé lábẹ́ wa bí ìpìlẹ̀ ilé, mo sì mọ ohùn tó wúwo jù nínú rẹ̀.

Lábẹ́ igi, mo ń wá àkàrà písì kiri nígbà tí mo bá wọn. Talmadge ti bu adìyẹ fún Renda, ó gbé àwo náà dání, kò gbé e fún un.

Ó ní, "Ẹ̀rín yẹn, mi ò pè é. Ó kàn jáde ni."

Renda ní, "Mo mọ̀."

"Níbi ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Talmadge gbé àwo náà fún un. Ó wá bi í bí ó ṣe dì í mú, nítorí òun kò tíì rí ohun tó lágbára tó ìyẹn, akọ màlúù gan-an kò tó o.

Renda ní òun kò dì í mú rárá. Ó ní, "Wò ó," ó sì na ọwọ́ tó fi di itan adìyẹ mú sókè.

Talmadge fa èémí. Èmi náà fà á. Àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì, tí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí a ń sọ, gbogbo wọn fà á.